Ẹnu Kànga Tó Ń Ga Sí I

Iṣẹ́ tí mo ṣe pẹ́ jù láyé mi ni wíwo inú kànga. Bí mo bá sọ bẹ́ẹ̀ fún àwọn ọmọ ìsinsìnyí, wọ́n á rò pé àwàdà ni mò ń ṣe, nítorí kànga ẹ̀rọ ló wà nílé wọn, wọn ò mọ̀ ju kí wọ́n ṣí ẹ̀rọ kí omi máa dà. Ṣùgbọ́n òótọ́ ni. Ó lé ní ogún ọdún tí mo fi ń dìde ní àárọ̀ Sátidé àkọ́kọ́ nínú oṣù, tí màá gbé báàgì kọ́ èjìká, tí màá máa ti ilé kan bọ́ sí òmíràn, láti Ọ̀jọ́ dé Ìbà, láti Ìbà dé Òkòkòmáíkò. Màá kúnlẹ̀ lẹ́nu kànga onílé, màá máa wo ìsàlẹ̀ bí ẹni tí yẹtí rẹ̀ já bọ́ síbẹ̀.

Ọ̀gá mi ló kó mi sí i. Olùkọ́ ni wọ́n ní ilé ẹ̀kọ́ gíga, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí kì í sọ̀rọ̀ sókè. Wọ́n fẹ́ mọ bí omi abẹ́ ilẹ̀ agbègbè wa ṣe ń gòkè, tó ń sọ̀ kalẹ̀, láti ìgbà òjò dé ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ìyàwó tuntun ni mí nígbà náà. Èmi àti ọkọ mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ìpínlẹ̀ Ògùn dé, yàrá kan la gbà nílé ìyá onílé kan ní Ìbà. Ọ̀gá wá sí ilé náà láti tọrọ àyè pé kí wọ́n jẹ́ kí àwọn máa wọn kànga. Ìyá onílé ní àwọn ò lè máa ṣílẹ̀kùn fún àjèjì ní oṣooṣù. Àfi bó bá jẹ́ ìyàwó ilé àwọn ni yóò máa wọ̀n ọ́n. Wọ́n bá nàka sí mi. Bí mo ṣe di òṣìṣẹ́ ìwádìí nìyẹn, nítorí pé mo wà nítòsí, mò ń fọṣọ.

Ọ̀gá fún mi ní téèpù gígùn kan, wọ́n so òjé mọ́ ìdí rẹ̀ kí ó lè wúwo. Wọ́n kọ́ mi pé kí n fi ṣọ́ọ̀kì kun ìsàlẹ̀ téèpù náà, kí n sọ ọ́ sínú kànga díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi kan omi, kí n di òkè rẹ̀ mú ní ẹnu kànga gan-an, kí n wá fà á sókè. Ibi tí ṣọ́ọ̀kì bá ti tutù, ibẹ̀ ni omi dé. N ó yọ èyí tó tutù kúrò nínú gbogbo rẹ̀, iye tó bá kù ni màá kọ sílẹ̀. "Láti ẹnu kànga dé ojú omi," ni wọ́n sọ, wọ́n sì ní kí n tún un sọ sí àwọn létí. Mo tún un sọ. Títí dòní, bí ẹnì kan bá jí mi lójú oorun, màá sọ ọ́ láìṣì.

Kànga mẹ́tàlá ni. Nínú ìwé mi, orúkọ tí àdúgbò ń pe onílé ni mo fi ń pe kànga rẹ̀. Baba kan wà ní Ọ̀jọ́ tí kì í jẹ́ kí n lọ láìjẹ́ pé mo sọ fún un ohun tí omi wí. Obìnrin kan wà ní Òkòkòmáíkò tó máa ń fọ ẹnu kànga rẹ̀ ní alẹ́ Jímọ̀ nítorí ó mọ̀ pé mò ń bọ̀, bí ẹni pé àlejò fẹ́ wá wọ yàrá rẹ̀. Ọdún mẹ́fà ni wọ́n ní iṣẹ́ náà yóò gbà. Ọdún mẹ́fà pé, ọ̀gá fún mi ní lẹ́tà ìdúpẹ́, wọ́n ní ó parí. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó sọ fún ẹsẹ̀ mi. Sátidé àkọ́kọ́ tó tẹ̀ lé e, mo ti dé ìdajì ọ̀nà kí n tó rántí. Mo rò ó pé mo ti jáde ná, mo sì wọ̀n wọ́n. Oṣù kejì náà, bẹ́ẹ̀ ni. Nígbà tó yá, bí n kò bá tètè yọ, àwọn onílé á máa béèrè bóyá ara mi ò yá. Kódà nígbà tí a kó kúrò ní Ìbà lọ sí ilé tiwa ní Òkòkòmáíkò, mi ò dáwọ́ dúró, títí orúnkún mi fi kọ̀ ní ọdún bíi mélòó kan sẹ́yìn. Ọkọ mi a máa sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé òun àti kànga mẹ́tàlá làwọn jọ fẹ́ mi.

Ní ti ọ̀gá mi, kọ́bọ́ọ̀dù onírin kan wà ní ọ́fíìsì wọn tí wọ́n ń kó àwọn àkọsílẹ̀ náà sí. Ìdí bẹ́líìtì wọn ni kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ń gbé. Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí olùkọ́ mìíràn wá bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jẹ́ kí òun wo iye omi kànga Ọ̀jọ́ fún iṣẹ́ tòun. Ọ̀gá rẹ́rìn-ín, wọ́n ní kí ó jẹ́ kí àwọn kọ̀wé lórí rẹ̀ tán ná. Wọn kì í ṣe ahun o. Ẹni tó máa ń bu ìdajì oúnjẹ rẹ̀ fún awakọ̀ ni wọ́n. Bí wọ́n ṣe kọ́ ìran wọn nìyẹn: ohun tí o bá fọwọ́ ara rẹ kó jọ, ìwọ ni kí o kọ́kọ́ jẹ ẹ́ yó. Wọ́n kọ ìwé kan jáde, wọn ò tíì kọ ìkejì tí ọlọ́jọ́ fi dé. Nígbà tí wọ́n máa ṣí kọ́bọ́ọ̀dù náà, òrùlé ti ń jò sí i tipẹ́, àwọn ìwé inú rẹ̀ ti lẹ̀ mọ́ra wọn bíi búrẹ́dì tó bọ́ sómi. Ohun tó ṣẹ́ kù láyé nínú iṣẹ́ náà ni ìwé mẹ́rìnlá tó wà nínú àpótí lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi. Mo máa ń da gbogbo iye kọ síbẹ̀ fún ara mi kí n tó fi ti ọ̀gá ránṣẹ́. Kì í ṣe ọgbọ́n kankan ló mú mi ṣe é. Mo kàn fẹ́ràn kí n máa rí ọwọ́ ìkọ̀wé mi.

Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn èṣí ni ọ̀dọ́mọbìnrin náà dé. Ó ń kàwé fún oyè ọ̀mọ̀wé. Ó ti ka ìwé kan ṣoṣo tí ọ̀gá mi kọ, ó wá iye tó wà nídìí rẹ̀ títí, kò rí i, ó sì ń bèèrè kiri títí tí ẹ̀ṣọ́ kan tó ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì ọ̀gá mi rí, tó ti fẹ̀yìn tì, fi júwe ilé mi fún un. Ó kúnlẹ̀ kí mi ní ẹnu ọ̀nà, búrẹ́dì lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní òun fẹ́ kó gbogbo iye inú àwọn ìwé náà sí orí ayélujára, níbi tí ẹnikẹ́ni, níbikíbi tó bá wà, ti lè rí i kà, tí ó sì lè mú un ṣe iṣẹ́ tirẹ̀ láìbẹ ẹnì kankan.

Mo ní, "Ẹnikẹ́ni?"

"Ẹnikẹ́ni, mà."

"Ẹni tí kò kí mi ńkọ́?"

Ó ní, "Ẹni tó bá lò ó gbọ́dọ̀ dárúkọ yín nínú iṣẹ́ rẹ̀, mà. Bí wọ́n ṣe ń kí ara wọn nìyẹn."

Ìdáhùn náà wọ̀ mí lára. Mo fa àpótí jáde.

Oṣù méjì ló fi ń wá. Á jókòó sídìí tábìlì tí a fi ń jẹun, màá máa ka iye sókè, òun á máa tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà. Bí mo bá sáré jù, á ní, "Mà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún ti oṣù kẹfà kà." Bí iná bá lọ tí kọ̀ǹpútà rẹ̀ sì kú, a ó máa tàkurọ̀sọ. Ó rù, ó sì ń jẹun bí ẹni tí ìyá rẹ̀ jìnnà, mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹran tirẹ̀ pamọ́ fún un lọ́tọ̀. Ọmọ mi obìnrin tó wà ní òkè òkun gbọ́ ohùn rẹ̀ lórí fóònù lọ́jọ́ kan, ó ní ó dáa, òun ti rí i pé wọ́n ti gba ipò òun.

Lọ́jọ́ kan ló wọlé tí kò bèèrè ohun tí a sè. Olùkọ́ tó ń bójú tó iṣẹ́ rẹ̀ ti wo àwọn iye náà. Ó ṣí kọ̀ǹpútà, ó fi ìlà tó fà fún kànga kọ̀ọ̀kan hàn mí. Ó yẹ kí ìlà náà máa ròkè rodò bí àyà ẹni tó ń sùn, kí òjò gbé e sókè, kí ẹ̀ẹ̀rùn sọ ọ́ kalẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ló sì rí, àfi pé nígbà mìíràn, láàárín oṣù kan sí ìkejì, ìlà náà á ṣàdédé já wálẹ̀ bí ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà kan àbọ̀, kò sì ní padà síbi tó wà mọ́. Ọdún bíi mélòó kan lẹ́yìn náà, á tún já. Ó dà bí àtẹ̀gùn ilé, ìgbésẹ̀ kan, ìgbésẹ̀ kan, ìsàlẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ń lọ. Kànga mọ́kànlá nínú mẹ́tàlá ló rí bẹ́ẹ̀, wọn kì í sì í já lóṣù kan náà.

Omi kì í ṣe báyẹn. Olùkọ́ náà ní ọ̀kan nínú méjì ni: yálà téèpù kò dára, tàbí kẹ̀, iṣẹ́ ti sú ẹni tó ń wọ̀n ọ́n, ó sì ń jókòó sílé kọ iye tó bá wù ú. Ó ní bí a kò bá rí ìdí rẹ̀ kí oṣù náà tó parí, òun kò ní fọwọ́ sí i kí ó jáde, wọn á yọ gbogbo ìwé mẹ́rẹ̀ẹ̀rìnlá kúrò nínú iṣẹ́ ọmọ náà. Ọmọ náà kò fẹ́ sọ gbólóhùn ti ìjókòó sílé yẹn fún mi. Èmi ni mo fà á yọ lẹ́nu rẹ̀.

Ara mi gbóná. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tó fi gbóná tó bẹ́ẹ̀, kí ẹ má baà rò pé ìgbéraga lásán ni. Oṣù kan wà. Ọmọ mi ọkùnrin wà ní ọsibítù, mi ò kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, Sátidé àkọ́kọ́ sì kọjá lórí mi. Nígbà tí a padà délé, mo wo àyè òfìfo nínú ìwé mi, kò wù mí kí ó wà bẹ́ẹ̀. Ó dà bí eyín tó ká. Mo wo oṣù tó ṣáájú, mo wo irú oṣù náà lọ́dún tó kọjá, mo fọkàn ṣírò rẹ̀, mo sì kọ iye mẹ́tàlá síbẹ̀. Kò sẹ́ni tó mọ̀. Nínú gbogbo ọdún yẹn, oṣù kan péré. Nítorí náà, nígbà tí ẹni tí kò mọ̀ mí rí sọ pé mo jókòó sílé kọ iye, irọ́ ló pa, ṣùgbọ́n irọ́ náà kò pé.

Mi ò sọ fún ọmọ náà. Mo ní kí ó máa lọ, orí ń fọ́ mi. Ní ọjọ́ kejì, mo gbé téèpù mi lọ sọ́dọ̀ káfíńtà kan ní Àjàǹgbádì. Ó tẹ́ ẹ sílẹ̀, ó fi irin ìwọ̀n tirẹ̀ tọ̀ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó ní téèpù mi ò fi irun kan yà. Ẹ̀sùn kan lọ, ó ku èkejì.

Nígbà tí ọmọ náà tún wá, ojú rẹ̀ ti wọnú. Mo sọ fún un pé a ò ní jókòó máa wo ìlà, ẹ jẹ́ ká lọ bá ọ̀kan nínú àwọn kànga náà fúnra rẹ̀. A wọ kẹ̀kẹ́ Màrúwá lọ sí Ìbà, sílé ìyá onílé wa àtijọ́, níbi tí mo ti bẹ̀rẹ̀.

Wọ́n ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Ojú ń ríran, etí ń gbọ́, ẹnu ò sinmi. Bí mo ṣe darúgbó tó yìí, "ìyàwó" ni wọ́n ṣì ń pè mí. Wọ́n jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n ń ṣa ẹ̀wà nínú àtẹ. Wọ́n wo ọmọ náà láti òkè délẹ̀, wọ́n bi mí pé ọmọ ta nìyí tí ẹ ń febi pa. Mo ro ẹjọ́ mi. Mo sọ ti ìlà tó ń já, mo sọ ti olùkọ́ àti ti téèpù, ọmọ náà sì gbé kọ̀ǹpútà síwájú wọn kí wọ́n rí i. Wọ́n gbọ́wọ́ kúrò nínú ẹ̀wà. Wọ́n wo àtẹ̀gùn náà pẹ́. Wọ́n wá wò mí, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, wọ́n rín in títí wọ́n fi ń fi etí ìró nu ojú.

"Ìyàwó," ni wọ́n wí, "láti ìgbà tí o ti ń yọjú wo inú kànga mi, o ò rí i pé ọrùn rẹ̀ ń gùn?"

Wọ́n mú ọ̀pá wọn, wọ́n kó wa lọ sí ẹ̀yìnkùlé. Wọ́n ní kí n wo inú kànga, kí n má wo omi. Mo wò ó. Láti ìta, rìǹgì kọnkéré kan ṣoṣo ló yọ sókè ilẹ̀. Ṣùgbọ́n láti inú, mo rí ibi tí ọ̀kan ti pàdé èkejì, ẹ̀ẹ̀mẹta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lórí ti àtètèkọ́ṣe, àwọ̀ wọn kò sì dọ́gba. Ti ìsàlẹ̀ pátápátá ti dúdú, ewédò ti bò ó. Bí a ṣe ń bọ̀ lókè ni ó ń mọ́ sí i. Oṣooṣù ni mo ń wò wọ́n. Mi ò rí wọn rí. Ṣọ́ọ̀kì tó tutù ni ojú mi ń wá.

Ẹni tí kò gbé apá ọ̀dọ̀ wa lè má mọ̀. Ilẹ̀ wa rẹlẹ̀. Bí òjò bá ti fẹ́ máa sọ àdúgbò di odò, kánsù ìjọba ìbílẹ̀ á da iyanrìn sí òpópónà, òpópónà á wá ga ju àgbàlá lọ. Onílé náà á ra iyanrìn, á fi kún àgbàlá tirẹ̀. Ìgbà tí àgbàlá bá ga tán, ẹnu kànga á dọ́gba pẹ̀lú ilẹ̀, àgbàrá á sì máa ṣàn wọlé tààrà. Onílé á pe bíríkìlà pé kí ó fi rìǹgì kan lé e. Bí aládùúgbò bá rí i, òun náà á pe bíríkìlà tirẹ̀. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ilé tí kò ṣe é, kò sì sẹ́ni tó kà á sí nǹkan tí èèyàn ń sọ fún ẹlòmíràn. Ẹnu kànga ń ga, èmi sì ń wọ̀n láti ẹnu kànga dé ojú omi, gẹ́gẹ́ bí ọ̀gá mi ṣe kọ́ mi. Omi kò lọ síbì kankan. Ẹnu ni mo ń gun tẹ̀ lé.

Ọmọ náà bi ìyá pé ìgbà wo gan-an ni wọ́n fi rìǹgì kọ̀ọ̀kan kún un. Ọkàn mi dàrú, nítorí mo mọ̀ pé ìyá onílé ò kọ ọjọ́ sílẹ̀ rí láyé wọn. Ṣùgbọ́n wọ́n fi ọ̀pá kan ẹ̀gbẹ́ kànga bí olùkọ́ tó fẹ́ kọ́ni ní ìṣirò. Àkọ́kọ́, wọ́n ní, ìgbà tí eku kú sínú rẹ̀ ni, nígbà tí ìyàwó yìí lóyún kejì, tó ń bì kiri àgbàlá. Mo mọ oṣù yẹn bí ẹni mọ owó. Èkejì, ìgbà tí àbíkẹ́yìn àwọn ṣe ìdánwò ìwé mẹ́wàá tán, tó jókòó sílé tó ń retí èsì, òun gan-an ló bá bíríkìlà po sìmẹ́ǹtì. Ẹ̀kẹta, ìgbà àdúrà ogójì ọjọ́ ikú ọkọ àwọn. Àwọn ọmọ fi iyanrìn kún àgbàlá nítorí àlejò, wọ́n gbàgbé kànga, ọ̀sẹ̀ kejì ni wọ́n tó wá rìǹgì kún un.

Bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ ni ọmọ náà ń wá a lórí ìlà. Ní ti àkọ́kọ́, ó ní, "Ó bá a mu, mà." Ní ti èkejì, ó kàn yí kọ̀ǹpútà sí mi kí n wò ó. Ní ti ẹ̀kẹta, ó fọwọ́ bo ẹnu. A sọ téèpù sínú kànga, a wọn rìǹgì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta níkọ̀ọ̀kan, gíga wọn sì jẹ́ iye tí ìlà fi já gẹ́lẹ́. Ọmọ náà dì mọ́ ìyá onílé. Ìyá ní kí ó rọra, pé eegun àwọn ti di ti adìyẹ.

A padà sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ẹnu mi ì bá dákẹ́ níbẹ̀, ọ̀rọ̀ ì bá parí. Mo ti rí ìdáláre, téèpù ti rí ìdáláre, olùkọ́ yóò fọwọ́ sí i. Ṣùgbọ́n ọmọ náà ti ń tẹ gbogbo ohun tí ìyá sọ sínú kọ̀ǹpútà, ó ń sọ pé èyí ni àwọn tó máa lò ó lọ́la nílò jù, kì í ṣe iye nìkan, ìtàn iye ni. Ọ̀rọ̀ náà gún mi.

Mo ní, "Oṣù kan wà tí mi ò lọ."

Ó gbójú sókè. Mo sọ gbogbo rẹ̀, ọsibítù, àyè òfìfo, ìṣirò orí mi. Mo ń retí kí ojú rẹ̀ yí padà.

"Oṣù wo ni, mà?"

Mo sọ ọ́ fún un. Ó wá a rí, ó kọ nǹkan sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo bi í bóyá ó pa á rẹ́ ni. Ó ní rárá, òun fi í sílẹ̀, òun kọ ọ́ pé a fojú bù ú ni, a ò wọ̀n ọ́n. Ẹni tó bá fẹ́ lò ó á mọ ohun tí òun ń gbé. Ó wá ní, "Ọmọ yín ńkọ́, mà? Ṣé ara rẹ̀ yá nígbà náà?"

Mo ní ó yá, pé ó ti ní ọmọ mẹ́ta ní Ìjánikin. Omi bọ́ lójú mi, mi ò sì lè sọ pé nítorí ìwé ni.

Ìyá onílé ò gbójú kúrò lórí ẹ̀wà. Wọ́n ní àwọn mọ̀ pé mi ò wá lóṣù yẹn, àwọn kàn ń wò mí níran ni, kí àwọn mọ ọjọ́ tí ẹnu mi máa là.

Ọ̀rọ̀ kan ló kù tí ó fẹ́ dá ìjà sílẹ̀. Ọmọ náà ṣàlàyé pé ká tó gbé iṣẹ́ náà jáde, òun máa yọ orúkọ àwọn onílé kúrò, òun á fún kànga kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà, nítorí kò yẹ kí gbogbo ayé mọ ẹni tó ni kànga kọ̀ọ̀kan. Ìyá onílé gbé àtẹ ẹ̀wà sílẹ̀. Wọ́n ní ta ni àwọn bá jà tí wọ́n fi fẹ́ fi àwọn pamọ́? Wọ́n ní kànga tí ọkọ àwọn gbẹ́, tí àwọn fi rìǹgì mẹ́ta kún, ó wá di nọ́ńbà bí ẹlẹ́wọ̀n. Ọmọ náà bẹ̀ wọ́n, ó ní òfin iṣẹ́ ni, fún ààbò wọn ni. Wọ́n ní kí òfin náà wá bá àwọn nílé. A wá fi í sí pé ẹni tó bá fẹ́ kí orúkọ rẹ̀ wà níbẹ̀, kí ó fọwọ́ sí ìwé. Wọ́n tẹ ìka tiwọn sórí ìwé níṣojú wa, wọ́n sì ní kí ọmọ náà gba ohùn àwọn sórí fóònù, kí àwọn fẹnu ara àwọn sọ bí ọrùn kànga ṣe gùn. Bẹ́ẹ̀ ni kànga méjìlá ní nọ́ńbà, tí ọ̀kan ní orúkọ. Mi ò kọ orúkọ náà síhìn-ín, nítorí wọn ò tíì tẹ̀ka fún tèmi.

Ọ̀sẹ̀ méjì tó ṣẹ́ kù nínú oṣù náà, gbogbo kànga yòókù la rìn dé. Baba tó máa ń bèèrè ohun tí omi wí ti kú, àbúrò rẹ̀ obìnrin ló rántí rìǹgì fún wa. Ti obìnrin Òkòkòmáíkò ti wà lábẹ́ ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù, wọ́n ti fi búlọ́ọ̀kù dí i, ṣùgbọ́n bíríkìlà rẹ̀ ṣì wà láyé. Níbi méjì, a ò rí ẹnikẹ́ni tó mọ̀. Mo dábàá pé ká fojú bù ú. Ọmọ náà kàn wò mí, àwa méjèèjì bú sẹ́rìn-ín. Ó kọ "a kò mọ̀" síbẹ̀.

Olùkọ́ rẹ̀ fọwọ́ sí i. Ó pè mí lórí fóònù fúnra rẹ̀ láti tọrọ àforíjì, mo ní kó má ṣèyọnu, ohun tí ojú rẹ̀ rí ló sọ. Lọ́jọ́ tí iṣẹ́ náà jáde, ọmọ náà wá fi hàn mí. Orúkọ ọ̀gá mi ló ṣáájú, tèmi tẹ̀ lé e, tirẹ̀ ló kẹ́yìn. Mo wo orúkọ ọ̀gá mi títí. Mo rò ó pé inú wọn ò ní kọ́kọ́ dùn pé kọ́bọ́ọ̀dù ti di gbangba. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ wọ́n. Bó bá di ọ̀sán, wọ́n á ti máa bèèrè bóyá àwọn tó ń kà á ti jẹun.

Ọdún yìí, òjò ò tíì bẹ̀rẹ̀ dáadáa, fóònù mi dún láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ìyá onílé ni.

"Ìyàwó, bíríkìlà ti dé o. Ó ti po sìmẹ́ǹtì. Mo ní kí ó dúró. Máa bọ̀."

Mo pe ọmọ náà, tó ti di ọ̀mọ̀wé báyìí, a pàdé lẹ́nu ọ̀nà ilé náà, èmi lórí kẹ̀kẹ́, òun lórí ọ̀kadà. Bíríkìlà ti jókòó sórí rìǹgì tuntun ní ẹ̀yìnkùlé, inú ń bí i. Ó ní sìmẹ́ǹtì òun ti ń gan, pé láti ìgbà tí òun ti ń ṣiṣẹ́, òun ò rí ibi tí wọ́n ti ń dúró de èèyàn kí wọ́n tó gbé rìǹgì. Ìyá onílé fi ọ̀pá nàka sí i pé kó jókòó jẹ́ẹ́, pé àwọn kan ń ka kànga yìí ní ìlú tí kò dé rí, kò sì ní ti ọwọ́ tirẹ̀ ṣì wọ́n lọ́nà.

Mo kúnlẹ̀, orúnkún ń ké. Mo fi ṣọ́ọ̀kì kun téèpù, mo sọ ọ́ sílẹ̀, mo fà á sókè, mo ka iye. Bíríkìlà gbé rìǹgì lé e, ó fi sìmẹ́ǹtì lẹ̀ ẹ́ yíká. Mo tún sọ téèpù sílẹ̀. Apá mi ò fẹ́ ga tó ẹnu tuntun yẹn, ó bá mi di orí téèpù mú, ó bi mí bóyá ibẹ̀ ni. Mo ní ibẹ̀ gan-an ni. Mo ka iye kejì. Ọmọ náà kọ méjèèjì.

Ìyá onílé ní kí ó kọ ọ́ pé òjò ò tíì rọ̀. Ó kọ ọ́. Wọ́n ní kí ó kọ ọ́ pé ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni, láàárọ̀. Ó kọ ọ́. Wọ́n ní kí ó kọ ọ́ pé àwọn ni àwọn ní kí bíríkìlà dúró.

Ó kọ ìyẹn náà.